Àárẹ̀ Alájọṣiṣẹ́: Àmáànà Ni, Kì Í Ṣe Ìròyìn

Iṣẹ́ ni ó ń kó ọmọ ènìyàn jọ láti ọ̀nà jíjìn. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ibi tí iṣẹ́ ti ń kó ènìyàn jọ kò ṣọ̀wọ́n. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà ní Ṣágámù. Ọjà obì tí ọmọ Rẹ́mọ àti Háúsá jọ ń ná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tò sí ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ sí Abẹ́òkúta, àwọn ilé ẹ̀kọ́ wà ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ sì wà ní Ṣágámù kan náà. Ẹni tí ó bá ń jí lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀, tí ó ń padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, wákàtí tí ó ń lò ní ojúmọmọ lọ́dọ̀ àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ó ń lò lọ́dọ̀ aya àti ọmọ rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí alájọṣiṣẹ́ fi ń rí ohun tí ẹbí pàápàá lè má rí. Ó ń rí oògùn tí ẹnìkan ń gbé mì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń rí i pé oṣooṣù ni ẹni náà ń gba àyè lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ń rí i pé ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n bí oúnjẹ ọ̀sán bá pẹ́, tàbí pé ojú rẹ̀ a ṣàdédé dúró sójú kan bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rìn jìnnà. Ẹni tí nǹkan ń ṣe kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé, kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó rí i fi ohun tí ó rí ṣe?

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Àárẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fi lọ̀ wá, tí a kàn rí nítorí pé iṣẹ́ pa wá pọ̀, àmáànà ni ní ọwọ́ ẹni tí ó rí i. Ohun tí alájọṣiṣẹ́ nílò kì í ṣe orúkọ àrùn náà. Ohun tí ó nílò ni ìmọ̀ nípa ohun tí yóò ṣe bí àárẹ̀ náà bá gbé ẹni náà ṣubú níwájú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ni ó ń wá èkíní lójú méjèèjì, tí wọn kò sì bìkítà fún èkejì.

Ohun tí ó ń mú kí ènìyàn fi àárẹ̀ pamọ́

Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń sọ pé, “Bí ó bá ti sọ fún wa ni, à bá ti ràn án lọ́wọ́.” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó ń sọ ọ́ kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ti sọ ṣáájú.

Ẹni tí ó ní wárápá mọ̀ pé bí gìrì bá gbé òun ní gbangba, àwọn ènìyàn lè sá sẹ́yìn nítorí ìgbàgbọ́ àtijọ́ pé ìtọ́ tí ó ń hó ní ẹnu rẹ̀ a máa kó àrùn náà ran ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Irọ́ gbáà ni. Inú ọpọlọ ni wárápá ti ń ṣẹ̀ wá, kì í ràn nípasẹ̀ itọ́, àwo, ìbùsùn tàbí ìbọwọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ìtọ́jú tí ó yẹ bá wà, tó ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní in ni ó lè máa gbé ìgbésí ayé wọn láìsí gìrì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin ni kò rí ọkọ fẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kò sì rí iṣẹ́ ṣe, nítorí pé ẹnìkan rí wọn nígbà tí wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀ladìde. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ni ó ń gbé àbùdá AS kiri nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kò sí agbo ilé kan tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ẹni tí ó jẹ́ SS gan-an mọ̀ pé bí ọ̀gá òun bá gbọ́, wọ́n lè ní òun kò ní pẹ́ láyé, kí wọ́n sì gbé ipò tí ó tọ́ sí òun fún ẹlòmíràn. Ti ẹni tí ó ń gbé kòkòrò HIV nínú ara tún burú ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí pé kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni wọn yóò dá lẹ́jọ́, ìwà rẹ̀ náà ni.

Nítorí náà, ẹni tí ó fi àárẹ̀ rẹ̀ pamọ́ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ ni ó tì. Bí ìlẹ̀kùn bá wà ní títì ní àdúgbò kan láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí a tó bá onílé wí, ó yẹ kí a bèèrè irú ènìyàn tí ó ń rìn kiri ní àdúgbò náà.

Ẹjọ́ ọdún mẹ́tàdínlógún

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó, tí kò jìnnà sí Rẹ́mọ. Ní ọdún 1995, Georgina Ahamefule ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ó wà nínú oyún, ara rẹ̀ kò sì yá. Àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n tún jẹ́ oníṣègùn, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kòkòrò HIV láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Orúkọ tí ìwé àyẹ̀wò fún ara rẹ̀ nìkan ni ẹ̀sùn tí ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2001, adájọ́ tí ẹjọ́ náà wà níwájú rẹ̀ kò gbà kí ó wọlé wá jẹ́rìí, àfi bí onímọ̀ ìṣègùn bá kọ́kọ́ wá fi dá ilé ẹjọ́ lójú pé kò ní kó àrùn ran àwọn tí ó jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rù tí ó lé e kúrò níbi iṣẹ́ ni ó tún pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdájọ́. Obìnrin náà kò padà lẹ́yìn ẹjọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó dá a láre. Ilé ẹjọ́ sọ pé lílé tí wọ́n lé e kò bá òfin mu, pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un láìgba àṣẹ rẹ̀ kò tọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méje náírà fún un. Láti ọdún 1995 sí ọdún 2012 jẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí wọ́n lé e ti lè jáde ilé ẹ̀kọ́ gíríámà kí ìdájọ́ náà tó dé.

Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, òfin orílẹ̀-èdè tẹ̀ síwájú. Òfin ọdún 2014 tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí HIV àti àrùn éèdì kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti sọ àyẹ̀wò HIV di dandan kí ó tó gba ènìyàn síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí a lé òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè, tí òun náà jẹ́ ti ọdún 2014, sọ pé ohun tí ilé ìwòsàn bá mọ̀ nípa aláìsàn, àṣírí ni. Wọn kò gbọ́dọ̀ tú u àfi bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i, bí òfin tàbí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ rẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọmọdé tí òbí rẹ̀ ń ṣojú fún un, tàbí bí àìsọ rẹ̀ bá jẹ́ ewu ńlá fún ìlera àwùjọ. Ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó sí ìdí tábìlì oúnjẹ ọ̀sán láti máa ṣọ́ ẹnu àwọn tí ó ń jẹun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ìwà ọmọlúàbí.

Ọ̀nà mẹ́ta tí àṣírí ń gbà jáde

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni àwàdà. Ẹnìkan yóò ṣe bí ẹni ń ṣeré, yóò ní, “Ẹ má jẹ́ kí ó gbé e o, kó má lọ ṣubú lé wa lọ́wọ́.” Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé gẹ́ètì.

Ọ̀nà kejì ni ìwé. Fáìlì tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n gbé sórí tábìlì. Ìwé tí dókítà kọ fún ọ̀gá nìkan ti gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún kọjá kí ó tó dé ọwọ́ ọ̀gá.

Ọ̀nà kẹta ni ó léwu jù, nítorí pé ó wọ aṣọ ẹ̀sìn. Òun ni àdúà. Ẹnìkan yóò dìde níbi àsàláátù, yóò sì ní kí ìjọ bá òun ṣe àdúà fún arákùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí Ọlọ́hun mú wárápá kúrò lára rẹ̀. Àánú ni ó pè é, àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó ṣe àmín yẹn, ẹnìkan jẹ́ àbúrò ọmọbìnrin tí arákùnrin náà fẹ́ fẹ́, ẹlòmíràn sì jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tí ó ni ilé tí ó ń gbé. Ọlọ́hun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ ẹni náà, ó sì mọ ohun tí ń ṣe é kí a tó lanu. Àdúà tí a ṣe fún un ní ìdákọ́ńkọ́ lóru kò kéré sí èyí tí a fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe.

Àwọn kan yóò ní òótọ́ sáà ni àwọn sọ. Mùsùlùmí kò lè sá sí abẹ́ ìyẹn. Súrà Al-Hujurat dá onígbàgbọ́ lẹ́kun àbá dídá tí kò dára, títọpinpin ẹlòmíràn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì ti là á yé wa pé ohun tí ó jẹ́ òótọ́ nípa ẹnìkan, tí kò fẹ́ kí a sọ, gan-an ni ó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ó ti di ìbanilórúkọjẹ́.

Ìtàn kan wà nínú ẹ̀gbàwá Bukhari àti Muslim tí ó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí gìrì máa ń gbé ṣubú tọ Ànábì wá, ó ní kí ó bá òun tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ànábì fi yíyàn sí ọwọ́ rẹ̀, yálà kí ó ṣe sùúrù kí Alijánnà sì jẹ́ èrè rẹ̀, tàbí kí òun tọrọ ìwòsàn fún un. Ó yan sùúrù. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ó tún bẹ̀: pé bí òun bá ṣubú, aṣọ a máa ṣí lára òun, kí Ànábì tọrọ kí ìhòòhò òun má ṣe hàn mọ́. Ànábì sì tọrọ rẹ̀ fún un. Ẹ ò rí i pé ìṣubú kọ́ ni ó dun obìnrin náà jù lọ, bí kò ṣe kí ojú ayé rí ohun tí ó fẹ́ bò. Ẹni tí ó bá ń pín àárẹ̀ alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ kiri ń ṣí aṣọ tí obìnrin náà bẹ̀bẹ̀ pé kí a bá òun fà bora.

Ibi tí àṣírí ti ní ààlà

Síbẹ̀, ẹ̀sìn tí ó ní kí a bo àṣírí náà ni ó ní kí ènìyàn má ṣe fara pa, kí ó má sì ṣe pa ẹlòmíràn lára. Ìgbà kan wà tí ìdákẹ́ kì í ṣe ìwà rere.

Ní oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti ilẹ̀ Làìbéríà, ó sì sẹ́ pé òun kò súnmọ́ ẹnikẹ́ni tí ó ní in. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh kọ̀, kò jẹ́ kí ó jáde ní ilé ìwòsàn lọ sí àárín ìlú. Ìdúróṣinṣin yìí gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ènìyàn 20 ni ó kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Àrùn tí ó ń ràn báyìí kì í ṣe àṣírí ẹnìkan mọ́.

Ṣùgbọ́n a lè dáàbò bo àwùjọ láìkéde orúkọ. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2020, ará Ítálì kan di ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn ní Nàìjíríà pé ó ní àrùn Kòrónà, lẹ́yìn tí ó ti dé ibi iṣẹ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí. Wọ́n wá àwọn tí ó bá a pàdé, wọ́n sì ní kí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀. Síbẹ̀, ìkéde ìjọba ní ọjọ́ náà kò dárúkọ rẹ̀.

Ewu kejì ni ti ẹni tí àárẹ̀ rẹ̀ kì í ràn, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹni tí gìrì ṣì ń gbé kò yẹ ní ìdí ọkọ̀ tírélà tí ó ń kó sìmẹ́ńtì gba oríta Ṣágámù bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ lórí àkàbà gíga, tàbí lẹ́bàá ayùn ní ibi ìlagi.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ètò ni kí a tẹ̀ lé. Èkíní, kí a tọ ẹni náà fúnra rẹ̀ lọ ní ìkọ̀kọ̀, kí a sọ ohun tí a rí àti ohun tí a ń bẹ̀rù fún un, kí a sì fún un ní àyè láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Èkejì, bí ó bá kọ̀ tí ewu náà sì dájú, kí a sọ fún ẹnìkan ṣoṣo tí ó ní àṣẹ láti ṣe nǹkan sí i, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ tàbí ọ̀gá. Ẹ̀kẹta, kí a sọ ìwọ̀nba tí ó tó. “Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún un tí kì í ṣe awakọ̀” ti tó. Kò pọn dandan kí a fi orúkọ àrùn kún un. Ẹni tí ó bá fo èkíní, tí ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tábìlì oúnjẹ, kì í ṣe ààbò ni ó ń wá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìmọ̀ tí ó sàn ju òfófó lọ

Dípò kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wádìí ẹni tí ó ní àrùn, ó sàn kí gbogbo wọn kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Bí gìrì bá gbé ènìyàn, kí a kó ohun tí ó lè gbọgbẹ́ lára rẹ̀ kúrò nítòsí, kí a fi aṣọ rírọ̀ tìmùtìmù sábẹ́ orí rẹ̀, kí a tú ọrùn aṣọ rẹ̀, kí a sì dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan bí gìgìrì ara rẹ̀ bá ti rọlẹ̀. Kí a má ṣe fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, kí a má ṣe da omi tàbí àgbo sí i lọ́fun, kí a má sì ṣe ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe láyé àtijọ́. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn tún tẹ̀ lé e kí ojú rẹ̀ tó là, ilé ìwòsàn ló kàn. Kí ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn sì fi aṣọ bò ó, kí ó lé àwọn tí ń wòran.

Bí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ bá ń làágùn, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ó lè jẹ́ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó wálẹ̀. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, omi ṣúgà tàbí mínírà dídùn yóò ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ti ẹni tí ó jẹ́ SS, òtútù, òùngbẹ àti àṣejù iṣẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Omi mímu tí kò jìnnà àti ìsinmi tí a kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè dènà ìrora ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti HIV, jíjọ jẹun, ìbọwọ́, àga àti ilé ìyàgbẹ́ kì í ràn án. Kò sí ohun tí alájọṣiṣẹ́ ní láti ṣe ju kí ó máa bá ẹni náà ṣiṣẹ́ lọ.

Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ó gbà pé kí a mọ orúkọ ẹnikẹ́ni ṣáájú.

Ojúṣe ọ̀gá àti ojúṣe ẹni tí àárẹ̀ ń bá jà

Ìbéèrè tí ó tọ́ sí ọ̀gá ni “Ǹjẹ́ o lè ṣe iṣẹ́ yìí, kí ni a lè ṣe kí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn?” Kì í ṣe “Kí ni ó ń ṣe ọ́?” Kí ó fi ìwé ìṣègùn sábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ní ọjọ́ ilé ìwòsàn lọ láìsọ ìdí rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá tí ó bá lé òṣìṣẹ́ kan nítorí àárẹ̀ ti kọ́ gbogbo àwọn tí ó kù láti máa fi tiwọn pamọ́, èyí tí ó sì pamọ́ ni ó ń bú jáde ní ọjọ́ tí a kò retí.

Ẹni tí àárẹ̀ ń bá jà náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kò di dandan kí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹnìkan mọ̀. Kí ó wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ ní ìjánu láàrin àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí ó sọ ibi tí oògùn òun wà fún un, nọ́ḿbà ẹni tí wọn yóò pè, àti ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe fún òun. Kí ó sì má ṣe gba iṣẹ́ tí ó mọ̀ pé àárẹ̀ òun lè fi pa ẹlòmíràn.

Èyí ni ó fi ọ̀rọ̀ náà sí ọrùn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí. Ní ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti Ìṣarà títí dé Ìpẹ̀rù, láti Òde Rẹ́mọ títí dé Ṣágámù, ẹnìkan wà tí ó ń wo ojú àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń wá ẹni tí òun lè sọ fún. Kì í ṣe ìwọ̀n irùngbọ̀n tàbí gígùn híjáàbù ni yóò fi yàn. Ohun tí onítọ̀hún sọ nípa ẹni tí kò sí níjòókòó ní àná ni yóò fi yàn. Kí Ọlọ́hun fi wá sára àwọn tí àṣírí lè sá dì, kí ó sì bo tiwa ní ọjọ́ tí a kò ní aṣọ tí a lè fi bò ó. Àmín.